Oògùn amúnitòògbé nínú àyẹ̀wò ẹ́ńdóskópì

Oògùn amúnitòògbé nínú àyẹ̀wò ẹ́ńdóskópì ni oògùn tí wọ́n ń gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, nígbà tí dókítà bá fẹ́ ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ẹnu tàbí ihò ìdí wọnú rẹ̀. Ewu ńlá wọn ni pé wọ́n lè dín èémí kù tàbí kí wọ́n dá a dúró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ipa wọn lórí èémí wé ara wọn.

Àwọn oògùn náà

Midazolam kì í sábà dí èémí lọ́wọ́ púpọ̀ bí wọ́n bá lò ó níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi oògùn ìrora bíi pentazocine kún un, ewu náà ń pọ̀ sí i. Flumazenil ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀.

Propofol ń ṣiṣẹ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, aláìsàn a sì tètè jí. Kò ní ẹ̀rọ̀, ìwọ̀n tó ń mú ni tòògbé kò sì jìnnà sí èyí tó ń dá èémí dúró. Òun ló fa ikú olórin Amẹ́ríkà, Michael Jackson, ní ọdún 2009.

Ketamine ń pa ìrora, kì í sì sábà dín èémí kù, ṣùgbọ́n ó lè mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, kí aláìsàn sì máa rí ìran. Dexmedetomidine náà kì í dí èémí lọ́wọ́ púpọ̀, àmọ́ ó lè mú kí ọkàn máa lù lọ́ra.

Ìṣọ́ra

Kò sí èyí tí kò léwu rárá. Àwọn àgbàlagbà, àwọn tó sanra jù àti àwọn tí èémí wọn máa ń dúró lójú oorun nílò àkíyèsí jùlọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka ń sọ ìwọ̀n ọ́ksíjìn inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń gba ọ́ksíjìn, ó lè pẹ́ kí ẹ̀rọ náà tó fi hàn pé èémí ti dúró. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tí aláìsàn ń mí síta máa ń tètè fi í hàn. Níbi tí kò bá sí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo àyà aláìsàn.

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò yìí ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Aláìsàn tó bá ti Ìkìrun tàbí Òkukù lọ síbẹ̀ nílò ẹni tí yóò sìn ín padà sílé, nítorí kò yẹ kí ó wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà fún wákàtí 24.