Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtànṣán àti Ìgbì Ìmọ́lẹ̀

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ẹni tí ọ̀nà kan dí mọ́ la sábà máa ń fi òwe yìí tù nínú, pé kó gba ibòmíràn. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ìtumọ̀ kejì: ọjà tí ọ̀nà púpọ̀ wọ̀, ẹni tó dúró sí oríta kan ṣoṣo kò lè mọ iye èrò tó wá ná an. Ìtumọ̀ kejì yìí ló bá ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ mu.

Láti ayé Euclid ará Gíríìkì làwọn onímọ̀ ti ń fa ìlà tó gún régé láti fi ṣàpèjúwe ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Ìlà yìí là ń pè ní ìtànṣán. Ó tó láti fi ṣàlàyé òjìji, dígí ìwojú àti awò ojú. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Thomas Young ní ìlú London fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ méjì lè pàdé, kí ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ìlà lásán kò lè ṣe èyí; iṣẹ́ ìgbì ni.

Síbẹ̀, ìtànṣán kò di ohun àpatì. Ohun tó kù ni ká wọn bí ọ̀nà tí ìtànṣán kọ̀ọ̀kan gbà ṣe gùn tó. Ìgbì a máa gòkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀ pupa, láti òkè kan dé òkè kejì jẹ́ nǹkan bí nánómítà 700, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà. Tí a bá fi èyí pín gígùn ọ̀nà, a ó mọ̀ bóyá òkè ni ìgbì náà wà nígbà tó dé, tàbí ìsàlẹ̀. Bí ìtànṣán méjì tí agbára wọn dọ́gba bá jọ dé ní òkè, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin ti ẹyọ kan. Bí ọ̀nà ọ̀kan bá fi ìdajì ìgbì gùn ju ti èkejì, wọ́n á pa ara wọn rẹ́.

Ẹ̀yìn àwo róbótó ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Ní 1818, Augustin Fresnel fi ìwé lórí ìgbì ìmọ́lẹ̀ dupò nínú ìdíje àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris. Siméon Poisson, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, kò gba ìgbì gbọ́. Ó ṣírò ọ̀rọ̀ Fresnel síwájú, ó ní bó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ojú kan yóò mọ́lẹ̀ láàárín gbùngbùn òjìji àwo róbótó. Lójú tirẹ̀, ìyẹn ti tó láti ba ẹjọ́ náà jẹ́. François Arago dán an wò, ó sì rí ojú ìmọ́lẹ̀ náà.

Ní 1962, Joseph Keller, onímọ̀ ìṣirò ní New York, tẹ ìwé tó dá ìtànṣán padà sídìí iṣẹ́. Ó ní ìtànṣán tó bá kan etí nǹkan a máa bí ìtànṣán mìíràn, àwọn wọ̀nyí ló sì ń wọ inú òjìji. Gbogbo etí àwo róbótó ló jìnnà bákan náà sí àárín òjìji, nítorí náà àwọn ọmọ ìtànṣán jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀. Tí a bá yà kúrò láàárín díẹ̀, ìtànṣán méjì péré, ti etí tó súnmọ́ wa jù àti ti etí tó jìnnà jù, ló ń fa òrùka ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn tó yí i ká. Ṣùgbọ́n ní àárín gan-an, ìtànṣán tó ń pàdé kò lóǹkà, ìṣirò Keller a sì sọ pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò lópin. Ìgbì Fresnel la ní láti padà sí kí a tó rí iye rẹ̀: ó mọ́lẹ̀ bíi pé kò sí àwo níbẹ̀ rárá.