Àwọn Tí Kì Í Ju Ẹ̀yà Ẹ̀rọ Nù ní Lomé

Ta ni nínú wa, ní Agbalépédogan tàbí ní àdúgbò mìíràn ní Lomé, tí kò mọ àgbà kan tí ń tún rédíò ṣe, tí kì í ju ohunkóhun nù? Wáyà, gílóòbù, ẹ́ńjìnnì kékeré inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ wà nínú agolo. Àwọn ará ilé rẹ̀ a máa kùn pé ààtàn ti wọ yàrá. Òun a ní ọjọ́ wọn ń bọ̀.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dé ní Djidjolé, tí kò jìnnà sí Agbalépédogan. Ibẹ̀ ni ayàwòrán-ilé Sénamé Koffi Agbodjinou dá WoeLab sílẹ̀ sí ní ọdún 2012. (Ní èdè Éwé, “woe” ni pé kí a ṣe é.) Ní ọdún 2013, Kodjo Afate Gnikou kó òkú kọ̀ǹpútà, skánà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jọ níbẹ̀, ó sì fi wọ́n kọ́ W.Afate, ẹ̀rọ tí ń yọ́ okùn ike, tí ń tẹ́ ẹ lé ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele títí yóò fi di ohun èlò. Iye tí ó ná wọn tó bí 100 dọ́là, nítorí pé àwọn ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ní láti rà.

Kì í ṣe idán. Bí a bá tú ikùn skánà, a óò bá ọ̀pá irin dídán tí ó gún régé, bẹ́líìtì eléyín, àti ẹ́ńjìnnì tí ń ṣísẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ti pàṣẹ fún un. Ohun kan náà ni ẹ̀rọ RepRap fi ń lọ tí ó fi ń bọ̀, èyí tí Adrian Bowyer ti Yunifásítì Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 2005, tí ó sì fi ìlànà rẹ̀ tọrẹ fún aráyé.

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ oníròyìn kọ ọ́ bí ẹni pé ààtàn ni ó bí ẹ̀rọ náà. Èmi kò gbà. Ààtàn kì í ṣa nǹkan sọ́tọ̀. Ẹni tí ó mọ ẹ́ńjìnnì tí ń bẹ nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí ó tú u láì fọ́ ọ, tí ó sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, òun ni ìtàn wọn fò dá.

Ní 1991, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe àdéhùn ní Bamako pé pàǹtí olóró láti òkèèrè kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n lórí ìwé, tòkunbọ̀ kì í ṣe pàǹtí. Báyìí ni ẹ̀rọ tí ikú ti súnmọ́ ṣe ń gba èbúté wọlé. Olùpamọ́ a yọ èyí tí ó wúlò. Èyí tí ó kù ńkọ́? Àwọn kan ń jó wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà, èéfín rẹ̀ sì ń wọ imú ọmọdé. Gíláàsì tẹlifísọ̀n àtijọ́, tí òjé wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ń bèèrè rẹ̀. Igun ìsọ̀ ni ó ṣì wà.