Kọlù

Lójú títì tó gba Tchatchou kọjá lọ sí Parakou, bí bíréèkì bá já mọ́ onízémidjan kan lọ́wọ́, a ó ní alùpùpù kọlu igi. Kò sẹ́ni tí yóò ní igi kọlu alùpùpù. Ẹni tó ń bọ̀ ló ń kọlù. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ ni wọ́n kọlù.

Ohun tí rẹfirí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ń wá gan-an nìyẹn. Bí ẹni tó ń ṣọ́ awọ̀n bá ti kọjú sí alátakò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀ kí onítọ̀hún tó fò, tí wọ́n sì fàyà sọra, ẹni tó sáré wá ló kọlù ú. Faransé ń pè é ní “passage en force”. Àmọ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ awọ̀n bá yọ́ wọlé nígbà tí alátakò ti wà lókè, ó dínà ni.

Ó máa ń dùn mí bí èrò ìwòran bá ń pariwo nítorí ẹni tó ṣubú. Ìṣubú kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò: ta ló kọ́kọ́ débẹ̀?