Kí Omi Tó Yalé: Ìmúrasílẹ̀ fún Àgbákò ní Yunifásítì

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa yìí kò jìnnà sí òwe náà: kí ni ó yẹ kí yunifásítì ti ṣe sílẹ̀ kí àgbákò tó dé, kí ẹ̀kọ́ má baà dáwọ́ dúró? Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, àwa tí a ń gbé lókè Ọya, tí àwọn ọmọ wa wà ní yunifásítì káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá dúró, ọjọ́ orí ọmọ kò ní dúró dè é.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn. Ní 1948 ni wọ́n dá University College sílẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì London, nínú àwọn ilé tí àwọn ọmọ ogun ti lò bí ọsibítù ní Ẹlẹ́yẹlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó lọ sí ibi tí ó wà títí dòní, ó sì di yunifásítì tó dá dúró ní 1962. Ilẹ̀ náà gbòòrò, ó sì dára, ṣùgbọ́n omi ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n sé odò Awba kí àwọn tó ń gbé inú ọgbà lè rí omi lò. Omi tí a sé fún àǹfààní, omi náà ni a gbọ́dọ̀ máa fi ojú ṣọ́.

Ìlú Ìbàdàn mọ àgbàrá dáadáa. Odò Ògùnpa ti ya wọ ilé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó di 31 August 1980, ọjọ́ tí omíyalé ńlá gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí àti dúkìá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ojú odò náà, tí wọ́n sì fi kọnkéré kọ́ ọ. Ojú gbogbo ènìyàn wá wà lára Ògùnpa.

Ní ọjọ́ Ẹtì, 26 August 2011, òjò ńlá rọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe Ògùnpa nìkan ni ó kún. Ẹlẹ́yẹlé kún, àwọn odò mìíràn kún, Awba náà sì kún kọjá ibi tí wọ́n sé e mọ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú nílùú. Nínú ọgbà yunifásítì, omi ba ọgbà ẹranko jẹ́, ó wọ oko ẹja, ó sì wọ oko ìwádìí. Ilé tó wó ṣeé tún kọ́. Ṣùgbọ́n ẹja tí olùkọ́ kan ti ń tọ́jú láti fi ṣe ìwádìí fún ọdún púpọ̀, ta ni yóò tún un rà? Ohun tí ó wà níbì kan ṣoṣo ni omi máa ń gbé lọ tán.

Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìyẹn, nínú oṣù August kan náà, irú àgbákò yìí ti bá ilé-ẹ̀kọ́ àgbà kan ní Amẹ́ríkà. Yunifásítì Tulane wà ní New Orleans, ìlú tí apá púpọ̀ nínú rẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Ní 27 August 2005, ọjọ́ tí àwọn ọmọ tuntun ń kó ẹrù wọlé, gíwá wọn, Scott Cowen, ní kí wọ́n tún kó jáde, nítorí ìjì Katrina ń bọ̀. Àwọn tí kò rí ibi lọ, bọ́ọ̀sì kó wọn lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Jackson ní Mississippi. Ìjì dé ní 29 August, omi sì bo apá tó pọ̀ jù nínú ọgbà náà.

Tulane ti ìlẹ̀kùn pa fún odidi sáà kan. Síbẹ̀ yunifásítì náà kò kú. Àwọn aláṣẹ rẹ̀ lọ ń ṣiṣẹ́ láti Houston. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-ẹ̀kọ́ gíga gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn fún sáà náà, wọ́n sì ṣí padà ní January 2006. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ náà ni wọ́n padà wá.

Kò yẹ kí a rò pé ètò wọn pé pérépéré. Téèpù kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ owó oṣù wà lórí rẹ̀ wà nínú ìlú kan náà tí omi gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ní láti padà wọ inú ewu láti lọ kó o jáde kí a tó lè sanwó fún ènìyàn. Nígbà tó yá, wọ́n dá olùkọ́ tó lé ní igba dúró, wọ́n sì pa àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan rẹ́. Ìmúrasílẹ̀ kì í lé àgbákò lọ. Ó kàn ń jẹ́ kí ilé ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Omi nìkan kọ́ ni àgbákò. Ní March 2020, àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà mú kí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn yunifásítì aládàáni kan tí wọ́n ti ní ètò ìkọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń kọ́ ọmọ lọ nínú ilé òbí wọn. Ní ti ìjọba, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ tún pa pọ̀ mọ́ àrùn náà títí di December ọdún náà. Lókè Ọya tiwa níhìn-ín, ìdídò Alau ya ní 10 September 2024, omi sì wọ ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Maiduguri.

Kí wá ni kí a ṣe? Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni pé fáìlì tí kò ní ẹ̀dà, fáìlì tó ti sọnù ni, ọjọ́ ni kò tíì pé. Ọmọ ẹbí wa kan fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i lókè òkun. Ilé-ẹ̀kọ́ tó jáde ní òjò ti ba àkọsílẹ̀ máàkì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ọdún méjì ni ó fi ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn baba wa kò kàwé, síbẹ̀ wọn kì í kó gbogbo àgbàdo sínú abà kan. Irúgbìn a máa wà lókè ààrò nínú ilé, níbi tí èéfín ń dé, bí aká oko tilẹ̀ jó.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá mú ọmọ lọ sí yunifásítì, ẹ má béèrè owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ẹ béèrè pé: níbo ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ wà yàtọ̀ sí inú ọgbà yìí? Ta ni yóò pàṣẹ bí gíwá kò bá sí nílé? Ọ̀nà wo ni àwọn ọmọ yóò gbà jáde lóru, ta sì ni yóò pè wá? Ìgbà wo ni wọ́n dán ètò náà wò gbẹ̀yìn? Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ jẹ́ olùkọ́, òṣìṣẹ́ tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ìbéèrè wọ̀nyí dé orí tábìlì. Owó rẹ̀ kò tó owó àtúnkọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí àgbákò. Bí ó bá sì dé, kí ó bá wa níbi ìmúrasílẹ̀.