Ìkórè Tí A Ń Gbé Wá Síwájú Pẹpẹ

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè, àwọn àgbẹ̀ inú ìjọ a máa gbé iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀wà wá síwájú pẹpẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ayétòrò-Èkìtì, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìjerò, Aràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Àlùfáà a gbàdúrà lé wọn lórí, lẹ́yìn náà a ó lù wọ́n ní gbàǹjo. A kì í béèrè ohun tí a fín sí wọn lóko, tàbí ohun tí a fi pa wọ́n mọ́ nínú àká.

Ọ̀rọ̀ oògùn oko kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Àwọn baba tó dá oko kòkó rántí Gámálìn 20, tí wọ́n ń fín láti nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1950 nítorí kòkòrò tó ń mu omi èso kòkó. Ó gbà wọ́n lọ́wọ́ àdánù. Ṣùgbọ́n àwọn kan dà á sínú odò láti fi pa ẹja, wọ́n sì gbé ẹja náà lọ sọ́jà. Ní 2009, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm ka lindane, tí a fi ṣe é, mọ́ àwọn májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú wọn.

Lónìí, ẹ̀wà ni ọ̀ràn kàn. Ní oṣù Kẹfà 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos, oògùn apakòkòrò tó wà nínú Sniper. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà jẹ́ mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6. Ní 2019, àjọ NAFDAC gbẹ́sẹ̀ lé ìgò kékeré oògùn náà.

Àwọn kan ń da oògùn yìí sí ẹ̀wà tí wọn yóò tà, ṣùgbọ́n ata gbígbẹ ni wọ́n ń fi sí ti ilé. Ìyàsọ́tọ̀ yìí ni ó burú jù lójú mi, nítorí ó fi hàn pé ẹni náà mọ̀. Wòlíì Ámósì bá irú wọn wí, àwọn tí ara wọn kò balẹ̀ kí ọjọ́ ìsinmi tó parí kí wọ́n lè ta ìdọ̀tí àlìkámà fún tálákà. Ọ̀ràn ọjà ni, Ámósì sì kà á sí ọ̀ràn ìjọsìn.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí a dúró lórí àga ìwàásù kí a dá àgbẹ̀ nìkan lẹ́bi. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Adó àti Èkó, owó alágbàṣe wọ́n, ìgò oògùn apakoríko kan sì ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀. Iṣẹ́ méjì ni Jẹ́nẹ́sísì 2:15 fi lé Ádámù lọ́wọ́: kí ó ro ọgbà, kí ó sì ṣọ́ ọ. Ríro kò ṣòro fún wa. Ṣíṣọ́ ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Póòpù Francis, nínú ìwé Laudato Si' ti 2015, ka àwọn oògùn wọ̀nyí mọ́ ohun tó ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí, ní Àjàṣẹ́, Pọ́tónóvò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní 1985, Bàbá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ àlùfáà Dominican, dá oko Songhai sílẹ̀ lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan tí ìjọba ibẹ̀ fún un. Ìdin tó ń jáde lára pàǹtírí ni oúnjẹ ẹja, omi ẹja a máa bomi rin ẹ̀fọ́, ìgbẹ́ ẹran a sì di gáàsì ìdáná. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀.

Irú oko bẹ́ẹ̀ gba ọdún púpọ̀. Ti ẹ̀wà yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ Purdue University ti Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kamẹrúùnù lórí àpò onípele mẹ́ta tí a ń pè ní PICS. A ó sá ẹ̀wà gbẹ dáadáa, a ó dà á sínú ọ̀rá méjì tó wọ inú ara wọn, a ó fún atẹ́gùn jáde, a ó so ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àpò ìta a sì bò wọ́n. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn mí mọ́. Ẹni tí kò bá rí àpò náà rà lè lo kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ, kí ẹ̀wà kún un dé ẹnu, kí ìdérí rẹ̀ sì dì pinpin.