Ọdún 1986 ní Orílẹ̀-èdè Swídìn

Bí a bá dárúkọ ọdún 1986 láàrin àwa Yorùbá, ẹ̀bùn Nobel tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká gbà ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní Stockholm, olú-ìlú Swídìn níbi tí ó ti lọ gbà á, ọdún ọ̀fọ̀ ni ọdún náà.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì, Olof Palme, olórí ìjọba Swídìn, bá àpéjọ ńlá kan sọ̀rọ̀ nípa ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Gúúsù Áfíríkà. Oliver Tambo, aṣáájú ẹgbẹ́ ANC, wà níbẹ̀. Palme kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: irú ìjọba bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tún ṣe, àfi kí a fòpin sí i. Ó ti pẹ́ tí Swídìn ti ń fún ẹgbẹ́ ANC lówó ìrànwọ́. Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò Swídìn ṣì ń bá Gúúsù Áfíríkà ná ọjà. Àlàyé ìjọba Palme ni pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ó yẹ kí ó fòfin dè é. Àlàyé náà kò tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn.

Ọjọ́ méje lẹ́yìn náà, Palme àti Lisbet aya rẹ̀ lọ wo sinimá. Ó ti ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ mọ bí ọkọ̀ tí ń fọn fèrè ṣe ń lé ará ìlú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tí gómìnà bá ń kọjá, ẹ rò ó wò: olórí ìjọba ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé lóru, òun àti aya rẹ̀ nìkan! Ní òpópónà Sveavägen ni ẹnìkan ti yìnbọn lù ú lẹ́yìn. Ọta kejì ha Lisbet lára. Ẹni ọdún 59 ni Palme. Wọ́n dá ẹnìkan lẹ́bi ní ọdún 1989, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Ní ọdún 2020 ni wọ́n pa ìwádìí náà dé, láìrí ìbọn tí a fi pa á.

Ní oṣù Kẹrin, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Forsmark fi hàn pé bàtà òṣìṣẹ́ kan ní ìtànṣán olóró lára. Láti Chernobyl ni afẹ́fẹ́ ti gbé e wá, kí ìjọba Soviet tó jẹ́wọ́ fún ayé.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, Ṣóyínká dìde sọ̀rọ̀ ní Stockholm. Nelson Mandela, tí ó ṣì wà lẹ́wọ̀n, ni ó fi àsọyé rẹ̀ yẹ́ sí, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó sì sọ. Ní ọdún 1987, ìjọba Ingvar Carlsson, tí ó rọ́pò Palme, fòfin de òwò pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà, láìdúró de Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.