Adéníyì Tó Sùn Sí Ìlú Bath

Bá a ti ń rántí àwọn tó ti lọ, ẹ má gbàgbé Peter Adéníyì Thomas. Ọmọ Èkó ni, àbúrò Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tó di májísíréètì ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1942 ló di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ìlú Ọba, adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ní January 1945, tó ku oṣù díẹ̀ kógun parí, jàm̀bá ọkọ̀ òfurufú pa á.

Ilé làwa ń gbókùú ọmọ wá, àmọ́ ìjọba kì í gbókùú ológun sọdá òkun nígbà náà. Itẹ́ Haycombe, ní Bath, ni wọ́n sin ín sí. Ẹni tó bá dé ìlú Ọba nínú yín, ẹ yà kí i. Ẹ pè é ní Adéníyì, bí wọ́n ṣe ń pọmọ nílé.